Ta ló tà wọ́n? Ìbéèrè tí àwọn ibi ìrántí òwò ẹrú kò lè yẹ̀ sílẹ̀

Bí ẹ bá wọ àjàalẹ̀ tí wọ́n ń há àwọn ọkùnrin mọ́ nínú ilé-odi Cape Coast ní Gánà, òkùnkùn ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Fèrèsé kò sí níbẹ̀, àfi ihò tóóró lókè pátápátá tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń gbà yọ́ wọlé. Amọ̀nà yóò ní kí ẹ wo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Ilẹ̀ náà dúdú, ó gan bí ilẹ̀ tí wọ́n gún. Ẹ ó rò pé amọ̀ ni. Kì í ṣe amọ̀. Ìgbẹ́, ìtọ̀, èébì àti ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí wọ́n há mọ́bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù, ló ṣù jọ lórí ara wọn tó fi di ilẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ha á kúrò níbì kan títí wọ́n fi kan bíríkì, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ kí ojú lè rí i. Lókè orí àjàalẹ̀ yìí gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìsìn ọjọ́ Ìsinmi.

Irú ibi báyìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń san owó wọ̀ lọ́dọọdún, tí wọ́n ń gbé fóònù sókè yàwòrán, tí wọ́n sì ń ra ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀wù lẹ́nu géètì bí wọ́n bá jáde. Ìrìn-àjò afẹ́ là ń pè é. Ọ̀rọ̀ “afẹ́” yẹn kì í bá mi lára mu, torí kò sí afẹ́ kankan nínú àjàalẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ pa, tí a jẹ́ kí koríko bò ó, ta ni yóò mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wà rí? Ohun tó ká àwọn tó ń bójú tó irú ibi bẹ́ẹ̀ mọ́ nìyí, láti Àgbádárìgì dé Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, láti erékùṣù Gorée dé àwọn oko ìrèké àtijọ́ ní Louisiana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn wo ni kí wọ́n sọ? Ta ni wọ́n ń sọ ọ́ fún? Nígbà tó bá sì kan ẹni tó jẹ̀bi, orúkọ ta ni kí wọ́n dá?

Ọ̀rọ̀ náà tún ti gbóná sí i láìpẹ́. Ní 2019, ìjọba Gánà kéde Ọdún Ìpadàbọ̀, láti sàmì 400 ọdún tí ọkọ̀ kan kó àwọn ọmọ Áfíríkà dé Virginia, tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ní 1619. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Gánà sọ èèyàn 524 di ọmọ onílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lóṣù méjì ṣáájú ìyẹn, orílẹ̀-èdè Benin ti ṣòfin tirẹ̀: ẹni tó bá lè fi hàn pé wọ́n kó baba ńlá òun lẹ́rú kúrò ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú lè gba ìwé ọmọ ìlú níbẹ̀. Àwọn ìjọba wa ti rí i pé àwọn ọmọ tó lọ fẹ́ wá wo ilé, wọ́n sì ti rí i pé owó wà nínú ẹ̀. N kò bá wọn jà lórí owó. Ohun tí wọ́n ń fi han àlejò nígbà tó bá dé ló kàn mí.

Láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún sí ìkọkàndínlógún, nǹkan bí mílíọ̀nù 12.5 èèyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ní etíkun Áfíríkà lọ sí òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn tó gúnlẹ̀ láàyè tó mílíọ̀nù 10.7. Òkun ló gbé ìyókù mì. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì nínú gbogbo wọn ló gba etíkun tiwa lọ, láti odò Volta títí dé apá Èkó. Àwọn òpìtàn rí iye wọ̀nyí ṣà jọ láti inú ìwé àwọn ọkọ̀ fúnra wọn, torí oníṣòwò ẹrú kì í fi ìṣirò ọjà rẹ̀ ṣeré.

Ní Gánà ni ìjà lórí bí a ṣe ń ṣe ìrántí yìí ti kọ́kọ́ le gan-an. Àwọn Potogí ló kọ́ ilé-odi Elmina ní 1482. Ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Netherlands ní 1637, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní 1872. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Gánà rí owó ìrànwọ́ gbà láti Amẹ́ríkà láti tún Elmina àti Cape Coast ṣe, torí òjò ti ń jẹ ògiri. Wọ́n rẹ́ ilé, wọ́n sì kùn ún ní funfun. Lójú àwọn tó ń ṣàtúnṣe, bó ṣe rí láyé àtijọ́ nìyẹn, torí funfun ni àwọn òyìnbó ń kun odi wọn. Lójú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó ti fi Gánà ṣe ibùgbé, ńṣe ni wọ́n ń fi ọ̀dà bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé oúnjẹ kan tún wà ní Cape Coast nígbà náà, tí àlejò lè jókòó sí lókè àjàalẹ̀ àwọn ọkùnrin kó máa mu ọtí tútù. Ariwo sọ títí wọ́n fi tì í pa.

Kì í ṣe àríyànjiyàn lórí ọ̀dà ni ìjà yẹn. Olúkúlùkù ló ní ilé-odi tirẹ̀ lọ́kàn. Ará Netherlands tó wá sí Elmina fẹ́ rí itẹ́ òkú àwọn ará ilé rẹ̀. Ọmọ Àṣáńtì fẹ́ rí yàrá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba Prempeh Kìíní mọ́ ní 1896 kí wọ́n tó rán an lọ sí ìgbèkùn. Ọmọ bíbí Elmina mọ ilé náà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá níṣẹ́ nígbà kan. Ẹni tó ti Amẹ́ríkà wá ní tirẹ̀, ibojì ló wá sí. Ó dé ẹnu géètì, wọ́n ní kó san owó àlejò, tó ju tọmọ ìlú lọ. Ó ta á létí, torí kò san owó kankan nígbà tí wọ́n mú baba rẹ̀ jáde níbẹ̀. Kó tó rìn jìnnà, àwọn ọmọ kéékèèké ti ń pè é ní “obroni”, ọ̀rọ̀ tí àwọn Akan fi ń pe òyìnbó. Ẹni tó wá ilé wá ni wọ́n ń kí bí àjèjì. Mo gbà pé ìjọba nílò owó láti fi tún ilé ṣe, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni kò sí nínú ìwé ìṣirò.

Gánà gbìyànjú láti fèsì. Ní 1998, wọ́n gbé egungun ẹrú méjì padà wálé, ti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Crystal láti Jamaica àti ti Samuel Carson láti Amẹ́ríkà. Ẹnu ọ̀nà ilé-odi Cape Coast tó kọjú sí òkun, tí wọ́n ń pè ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ni wọ́n gbé wọn gbà wọlé. Lójú ọ̀nà kan náà lónìí, bí ẹ bá jáde sí etíkun tí ẹ sì bojú wẹ̀yìn, àkọlé mìíràn ni ẹ ó rí: Ẹnu Ọ̀nà Ìpadàbọ̀. Wọ́n wá sin àwọn méjèèjì sí Assin Manso.

Assin Manso kò sí létí òkun. Ìlú inú ilẹ̀ ni, nǹkan bí ogójì kìlómítà sí Cape Coast, odò kan sì ń ṣàn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní odò ẹrú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin láti òkè wá, tí wọ́n ń fi epo pa wọ́n lára kí wọ́n lè dán lójú oníbàárà. Bí mo bá ní agbára, gbogbo àlejò ilé-odi ni mo máa kọ́kọ́ mú lọ síbẹ̀. Létí òkun, òyìnbó ni ojú ń rí: ìbọn rẹ̀, ògiri rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Létí odò Assin Manso, ìbéèrè mìíràn ń yọjú, torí òyìnbó kì í sábà kọjá etíkun nígbà náà. Ta ló kó wọn dé odò yìí?

Kí n tó dé orí ìbéèrè yẹn, ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa òótọ́. Ní Gorée, lódìkejì Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ilé aláwọ̀ òsùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Ẹrú. Wọ́n kọ́ ọ ní 1776. Boubacar Joseph Ndiaye ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùtọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú ní 2009, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ lè mú ọba sunkún. Ó máa ń sọ fún àlejò pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹrú ló gba ẹnu ọ̀nà ilé yẹn lọ. Àwọn òpìtàn tó ti tú ìwé àwọn ọkọ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tó gba odindi erékùṣù náà lọ kò ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀wá-ẹ̀wá, àpáta tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà náà kò sì lè jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ ọn. Luanda ní Angola ni ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ti lọ. Mandela wá sí Gorée, Clinton àti Obama wá, Póòpù John Paul Kejì wá ní 1992, ó sì tọrọ ìdáríjì níbẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ló mọ Luanda sí èbúté ẹrú.

Àwọn kan ní kí la wá ń bá iye jà sí, ṣé ẹnì kan ṣoṣo kò tó ni? Ó tó. Ìdí nìyẹn gan-an tí kò fi yẹ kí a bù lé e. Bí amọ̀nà bá sọ mílíọ̀nù níbi tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ẹni tó fẹ́ kí a gbàgbé gbogbo rẹ̀ yóò rí ihò gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ àròsọ mìíràn wà tó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ouidah, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń kó ẹrú gbà lọ sí òkun tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, ère àti àmì sì tò sí i títí dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí àjọ UNESCO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí Ojú Ọ̀nà Ẹrú nílùú náà ní 1994. Lójú ọ̀nà yẹn, wọn yóò fi ibi Igi Ìgbàgbé hàn yín. Wọ́n ní ọkùnrin ń yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé, orúkọ àti òrìṣà wọn. Ní Àgbádárìgì, kànga kan wà lórí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù, lójú ọ̀nà tó lọ sétí òkun. Wọ́n ní bí ẹrú bá ti mu omi rẹ̀, iyè rẹ̀ á ra, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Àlejò á dúró, á mi orí, á yàwòrán.

Bí omi bá ra wọ́n níyè, ta ló kó Ṣàngó dé Bahia? Ní Salvador, nílẹ̀ Brazil, ọ̀kan nínú àwọn ilé òrìṣà tó lọ́jọ́ lórí jù ń jẹ́ Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó Ọ̀kà. Ìyá Nàsó kì í ṣe orúkọ lásán. Oyè ààfin Ọ̀yọ́ ni, obìnrin tó ń bójú tó ojúbọ Ṣàngó Aláàfin. Wọ́n kó o kúrò nílé, wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n fún un lórúkọ Potogí, oyè rẹ̀ sì gúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní Kúbà, wọ́n ń kí Yemọja lédè tí ìyá àgbà mi ì bá gbọ́. Bí mo bá gbọ́ ìtàn kànga yẹn, inú mi kì í dùn, torí ńṣe ló ń gba ohun tí àwọn èèyàn yẹn fi ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọn kò gbàgbé. Àwa tí a kù nílé la gbàgbé wọn.

“Àìpadàbọ̀” náà kò péye ní Àgbádárìgì. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ kò padà. Ṣùgbọ́n láti bí 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ láti Freetown bọ̀ wá sí Àgbádárìgì yìí kan náà, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú omi àti àwọn ọmọ wọn. Àwọn Àgùdà náà ń ti Brazil bọ̀ wálé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador ní oṣù Kìíní 1835. Ajayi Crowther gba Àgbádárìgì wọlé ní 1845. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n mú un ní 1821 nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ilé alájà àkọ́kọ́ tí àlejò ń wò ní Àgbádárìgì jẹ́ ti àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà, ọ̀nà kékeré lẹ sì máa fi kúrò níbẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìlọ àti àbọ̀, ìlú díẹ̀ ló sì wà láyé tó lè fi méjèèjì hàn ní ọ̀sán kan.

Ibi tí wọ́n ń há ẹrú mọ́ náà ń jẹ́ Bàrákúùnù Brazil, ní àgbàlá Sẹ̀ríkí Williams Abass. Ogójì yàrá kéékèèké ni wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀. Sẹ̀ríkí fúnra rẹ̀ ti Ìjọ̀gá-Orílé wá. Wọ́n mú un lẹ́rú nígbà èwe, wọ́n mú un dé Brazil, ó kọ́ èdè òyìnbó síbẹ̀. Nígbà tó padà dé, òun náà di oníṣòwò ẹrú, ó di ọlọ́rọ̀, ó di olóyè, ó sì kú ní 1919. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé àgbàlá náà, àwọn ni wọ́n sì ń mú àlejò yí ká. Ẹ rò ó wò: ọmọ-ọmọ ẹni tó tà ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ han ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n tà. Ìdílé Mobee, ìdílé oníṣòwò ẹrú mìíràn ní Àgbádárìgì, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Ní Ouidah, Francisco Félix de Souza, ọmọ Brazil tí wọ́n ń pè ní Chacha, kú ní 1849 lẹ́yìn tó ti lówó nínú òwò yìí. Ìdílé rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, wọ́n sì ń fi oyè náà jẹ olórí ẹbí. Àwọn kan ń bínú sí irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Èmi ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn tó ní “baba wa ló ṣe é,” bí kò bá fi àwáwí kún un.

Torí àwáwí pọ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n á ní ẹrú ilé kò le, wọ́n á ní baba wa kò mọ ohun tó wà lódìkejì òkun. Títí di ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ ń ta èèyàn. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ di títà. Ogun Òwu, ogun Dàhómì, àwọn ogun tí a fi ń yangàn nínú oríkì, ìbọn ni wọ́n fi jà á, òwò yìí ló sì gbé ìbọn wá. Gbàgede kan wà láàárín Èkó tó ń jẹ́ orúkọ Madam Tinúbú. Akọni obìnrin ni lóòótọ́, ó sì ta ẹrú. Ní Bristol, wọ́n wó ère Edward Colston tó lówó nínú òwò ẹrú lulẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2020, wọ́n sì jù ú sómi. N kò ní kí a wó nǹkan kan l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń gba gbàgede yẹn lọ sílé ẹ̀kọ́ yẹ kó mọ apá méjèèjì.

Ohun tó mú un ṣòro nílé kò ṣẹ̀yìn pé ẹrú kò lọ tán. Àwọn tí wọn kò tà sókè òkun wà láàárín wa, wọ́n bímọ. Nínú ìdílé oyè Èkó, àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní arọ́ta, ìyẹn ẹrú ilé àti ọmọ wọn, wọn kì í sì í pè é sókè. Àwọn Àṣáńtì ní òfin àtayébáyé tirẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àṣírí ibi tí ẹlòmíràn ti ṣẹ̀. Òfin àánú ni, ó ń dáàbò bo ọmọ ẹrú lọ́wọ́ èébú. Òun náà ló sì pa ẹnu gbogbo ilé dé nígbà tí àlejò dé láti Amẹ́ríkà tó ń béèrè. Àwọn baba wa sọ pé bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ, ọ̀nà ló jìn. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì tà á náà. Ní 1999, Ààrẹ Mathieu Kérékou ti orílẹ̀-èdè Benin lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Baltimore, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú fún ipa tí ọmọ Áfíríkà kó. Ìwọ̀nba àwọn olórí wa ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbà náà.

Ibi tí a kò bá ti dáhùn ìbéèrè “ta ló tà wọ́n,” ìrìn-àjò náà máa ń ṣubú sínú òwò. Ní 2009, àwọn kan gbé ètò kan kalẹ̀ fún Àgbádárìgì tí wọ́n ní yóò ná wọn tó bílíọ̀nù dọ́là 3.4: hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, pápá gọ́ọ̀fù, ibi ìrántí òwò ẹrú, àti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún ẹgbẹ́ akọrin Jackson Five, lágbègbè kan náà. Marlon Jackson, ọ̀kan nínú àwọn akọrin náà, wà lára àwọn tó ń polówó rẹ̀. Èèyàn bínú gan-an nígbà náà. Wọn kò kọ́ ọ.

Ní Amẹ́ríkà, ojú kejì ìtàn náà ni wọ́n ń bá jìjàkadì: ibi tí ẹrú gúnlẹ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àlejò tó bá dé ilé oko ìrèké àtijọ́ ní Louisiana yóò gbọ́ nípa àga, aṣọ ìkélé àti ìyàwó olóko. Àwọn tó gbin ìrèké náà di “ìránṣẹ́” nínú gbólóhùn kan. Àwọn èèyàn ń gbé ìyàwó níbẹ̀ nítorí pé igi tó yí ilé ká rẹwà. Ní oṣù Kejìlá 2019, Pinterest àti The Knot, ìkànnì ayélujára méjì tí àwọn tó fẹ́ gbéyàwó máa ń lò, kéde pé àwọn kò ní polówó ìgbéyàwó irú ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí iná jó ilé Nottoway ní oṣù Karùn-ún 2025, ilé ńlá tí olówó rẹ̀ ní ẹrú 155 ní 1860, àwọn kan sunkún torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, àwọn mìíràn ń yọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára.

Kò jìnnà síbẹ̀ púpọ̀ ni oko Whitney wà, tí wọ́n ṣí fún àlejò ní 2014. Ẹrú nìkan ni ìtàn ibẹ̀ dá lé, òpìtàn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà kan, Ibrahima Seck, ló sì darí ìwádìí rẹ̀. Ilé olóko wà níbẹ̀, kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ògiri orúkọ ni. Wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n rí nínú ìwé sára òkúta, pẹ̀lú ilẹ̀ tí wọ́n ti wá bí ìwé bá sọ ọ́. Wọ́n mú un wá sójú oòrùn ní gbangba, tí ọwọ́ lè kàn án.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti yí níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí wọ́n yẹ ohun tí àwọn ibi ìtàn ìjọba ń sọ wò, kí wọ́n má bàa máa sọ Amẹ́ríkà lórúkọ burúkú. Ní oṣù Kẹjọ, ó kọ ọ́ síta pé àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ń sọ̀rọ̀ jù nípa bí òwò ẹrú ṣe burú tó. Ní oṣù Kìíní 2026, wọ́n tú àwọn pátákó kúrò ní Philadelphia, níbi tí ilé George Washington wà nígbà tó jẹ́ ààrẹ, àwọn pátákó tó sọ nípa ẹrú mẹ́sàn-án tó mú wá gbé níbẹ̀. Ìlú náà gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ẹ̀rù ohun tí àwọn olóyè tiwa ń bẹ̀rù náà ni: kí ọmọ má lọ gbọ́ pé baba rẹ̀ jẹ̀bi.

Ní 1860, àwọn ọmọ ogun Dàhómì kọlu ìlú kan ní agbègbè Bantè, ní àárín gbùngbùn Benin òde òní. Wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Kossola, wọ́n sì tà á ní Ouidah. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé. Síbẹ̀, Timothy Meaher, olówó ará Alabama, rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah. Ó kó nǹkan bí 110 èèyàn dé Mobile lóru, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa kù. Lẹ́yìn tí òmìnira dé ní 1865, àwọn èèyàn náà wá ọ̀nà àtipadà sílé, owó kò tó. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti fi wọ́n ṣẹrú, wọ́n sì tẹ ìlú kan dó tí wọ́n ń pè ní Africatown. Ní 2019, wọ́n kéde pé wọ́n ti rí ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀ odò Mobile. Ní 2023, wọ́n ṣí ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n kó pákó rẹ̀ díẹ̀ sí, inú omi ni wọ́n gbé e sí kó má bàa jẹrà, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Kossola kú ní 1935. Nígbà tí òǹkọ̀wé kan wá yà á ní fọ́tò ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ó sì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe wà nílé ni òun fẹ́ kí wọ́n rí òun. Ó sì bẹ òǹkọ̀wé náà pé kó máa pe orúkọ òun níbi gbogbo tó bá dé, bóyá lọ́jọ́ kan orúkọ náà á dé ilé, ẹnì kan á gbọ́ ọ, á sì ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n.”